Ebè Etí Ọ̀nà

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti àárọ̀, ó ti mú ètè gbogbo ará ilé gbẹ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti wá rọlẹ̀, òṣùpá sì ti yọ lẹ́yìn òrùlé. Bàbá Òjélabí ti dé láti ibi iṣẹ́, níbi tí ó ti ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà. Ó ti wẹ̀, ó ti jẹun. Orí iṣu tí ìyàwó rẹ̀ gé sọ́tọ̀ nígbà tí ó ń bẹ iṣu wà lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Àwọn ọmọ agbo ilé ti tẹ́ ẹní síwájú rẹ̀: Àyọ̀ká, Múfútáù, àti Ìgè tí ó kéré jù nínú wọn, tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, àlọ́ àná kò parí," ni Ìgè wí.

"Ó parí. Ìwọ lo sùn."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bàbá Òjélabí na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún ọ̀fun ṣe.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rin ọ̀nà oko, ó kọsẹ̀ lára Etu, ó dìde, ó fi orí gbá Erin nínú."

"Kí ó máa bọ̀, a ń gbọ́."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń fọn iná lọ́wọ́ ara wọn, ìlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìsàlẹ̀-Akòko. Igi akòko kan wà láàárín ìlú náà, omi sì ń sun lábẹ́ rẹ̀. Omi náà kò ní olóhun. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á mu.

Etu ń gbé ní ìlú yìí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Agbọ̀n ni Etu ń hun. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n hun bíi tirẹ̀. Bí o bá bu omi sínú agbọ̀n Etu, kò ní í jò tán kí o tó dé ilé.

"Irọ́ ni, Bàbá," ni Múfútáù wí.

"Bí ilé rẹ bá wà nítòsí ni."

Ó ṣe, ọ̀dá dá. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Iṣu kú nínú ebè. Àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Erin nìkan ni iṣu rẹ̀ kò kú, nítorí etí odò ni oko rẹ̀ wà. Àká rẹ̀ kún dé òkè.

Erin kì í ṣe òṣìkà. Kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ó pe gbogbo ìlú, ó ní, "Ẹ má kú. Iṣu ń bẹ lọ́dọ̀ mi. Ẹ wá máa jẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: bí mo bá lu etí mi, kí ẹ wá."

Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Erin. Kí ni ó wà nínú etí lílù?"

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Erin á fi etí rẹ̀ ńláńlá méjèèjì lu ara rẹ̀: pàà, pàà. Wọ́n á wá, wọ́n á ro oko rẹ̀, wọ́n á jẹ iṣu. Ní ọ̀sán, pàà, pàà: wọ́n á wá fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, pàà, pàà: Erin á dá àpárá kan, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, bí àpárá náà kò tilẹ̀ dùn.

Òjò padà dé. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni a máa ń kọ ebè, àárọ̀ náà ni Erin sì ń lu etí. Ta ni yóò kọ ebè tirẹ̀? Oko gbogbo wọn di igbó. Nígbà tí ọdún yí po, iṣu Erin náà ni wọ́n tún ń jẹ. Agbọ̀n tí Etu bẹ̀rẹ̀ sí í hun kí ọ̀dá tó dá sì wà lẹ́yìn ilé, ó dúró ní ìdajì, adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ìyàwó Etu rí i pé ọkọ òun kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá Ọmọ, kí ló ń ṣe yín?"

Etu ní, "Bí Erin bá pè, tí mo bá dìde, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo dìde tàbí inú mi."

"Ẹ jẹ iṣu yín, kí ẹ lọ sùn. Ẹni tí ó jẹun kì í da ara rẹ̀ láàmú."

Etu jẹ iṣu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ sí oko Erin, orin kan wà tí ó máa ń kọ sábẹ́ ẹnu. Ègbè rẹ̀ kò le. Inú tó ṣófo, ohun tí ẹ ó máa wí nìyẹn, kí ẹ sì fi ohun tí mo bá sọ kún un.

*Erin lu etí, mo dìde,*
*Inú tó ṣófo ló dìde.*
*Erin rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín,*
*Inú tó ṣófo ló rẹ́rìn-ín.*
*Erin ní dúdú ni funfun,*
*Inú tó ṣófo ló gbà bẹ́ẹ̀.*

Àwọn ọmọ gbè é títí. Ìgè ń fi ọwọ́ lu etí ara rẹ̀, pàà, pàà, àfìgbà tí Àyọ̀ká di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àpárá, Erin ní, "Ìpàdé ìlú wà lábẹ́ akòko lọ́la. Mo fẹ́ kí ẹ sọ níbẹ̀ pé omi yẹn, ti baba mi ni."

Ọ̀yà ni ó kọ́kọ́ la ẹnu. Ọ̀yà kì í lè gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Bàbá Erin, ṣé ti baba yín ni?"

"Ọ̀yà, iṣu ta ni o jẹ láàárọ̀?"

"Ti yín ni."

"Ó dáa. Omi náà, ti baba mi ni."

Ọ̀yà gbé ọ̀rọ̀ mì lọ́jọ́ náà.

Erin yíjú sí Etu. "Etu, baba ńlá rẹ ni ó fi pátákò ya ilẹ̀ tí ìsun yẹn fi jáde. Ìwọ ni Baálẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi. Bí o bá ti sọ ọ́, ó tán."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Etu wí. Ó lọ sílé.

Ó ro ẹjọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Bí iṣu bá jẹ́ ti Erin, tí omi tún di ti Erin, kí ló kù lọ́wọ́ wa tí a lè fi sọ pé rárá?"

Ìyàwó rẹ̀ wo àwọn ọmọ tí wọ́n sùn. Ó ní, "Bí ẹ bá sọ pé rárá lọ́la, kí ni àwọn wọ̀nyí yóò jẹ lọ́túnla?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ fún mi, bí ẹ bá jẹ́ Etu, kí ni ẹ̀ bá sọ?

"Màá sọ òótọ́," ni Múfútáù wí.

"Ìwọ tí o jẹ ẹ̀bà méjì lálẹ́ yìí," ni Àyọ̀ká dá a lóhùn. "Ó rọrùn fún ọ."

Bàbá Òjélabí mi orí sí i. Ó ń bá àlọ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Etu kò dúró kí Erin lu etí. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ọ̀nà tóóró tí ó gba ẹ̀gbẹ́ oko lọ sí abẹ́ akòko, kí ó má baà pàdé ẹnikẹ́ni. Ebi ń pa á. Ní ọ̀nà náà ni ó ti dé oko Ìyá Ẹnítàn.

Ènìyàn ni Ìyá Ẹnítàn, arúgbó ni. Kò lọ jẹun lọ́dọ̀ Erin rí, nítorí pé kí ó tó dìde dúró láàárọ̀, àwọn tí Erin pè á ti dé, wọ́n á ti jẹun tán. Ewùrà àti èsúrú tí kò kú nínú ọ̀dá ni ó fi ń gbé ẹ̀mí ró, títí tí iṣu rẹ̀ fi tún hù.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

"Káàárọ̀, Etu. Inú rẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ọ."

Ojú ti Etu. Ó fẹ́ tọrọ, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

Ìyá Ẹnítàn na ọ̀pá rẹ̀ sí etí ọ̀nà. "Àwọn ebè yìí, láti ibi òkúta yẹn títí dé ìdí igi ìyeyè, ti ẹni tí ebi bá ń pa ni. Wa ọ̀kan. Iná wà níbẹ̀ yẹn. Sun ún, kí o jẹ ẹ́ níbí, má rù ú lọ. Orí rẹ̀, dá a padà sínú ebè."

"Kí ni kí n ṣe fún yín, Ìyá?"

"Kò sí."

"Ṣé kí n wá bá yín ro oko?"

"Bí oko ríro bá wù ọ́."

"Ìgbà wo ni ẹ óò pè mí?"

"Mi ò ní í pè ọ́. Ohùn mi kò ròkè mọ́."

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Ṣé ebi kì í pa ọmọdé ni?"

Etu wa iṣu, ó sun ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Bí ó bá jẹ òkèlè kan, á dúró, á na etí. Á tún jẹ òkèlè kan, á tún na etí. Ẹyẹ nìkan ni ó ń gbọ́.

Ìyá Ẹnítàn ní, "Kí lò ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Ìyá, mo ń dúró de ìgbà tí wọn yóò lu etí."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbà á. Nígbà tí ikọ́ náà tú u sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ọkọ mi ni ó fà á tí ebè yìí fi wà. Àjò ni ó ti ń bọ̀, ebi mú un. Oko kún lápá ọ̀tún rẹ̀, oko kún lápá òsì rẹ̀, ojú ń tì í láti tọrọ. Ibi òkúta yẹn ni wọ́n ti bá a, ó ti kú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ebè tí ẹnikẹ́ni kò ní í tọrọ kí ó tó jẹ ẹ́."

Etu jẹ iṣu rẹ̀ tán. Ó dá orí iṣu náà padà sínú ebè, ó fi pátákò tẹ ilẹ̀ lé e. Ó dìde, ó ń lọ. Inú rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí inú dákẹ́ tán ni ó wá gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìlú ti pé sábẹ́ akòko. Baálẹ̀ ní, "Etu, ìwọ ni ọmọ ẹni tí ó ya ìsun yìí. Ta ni ó ni omi?"

Kí Etu tó la ẹnu, Erin lu etí: pàà, pàà.

Gbogbo ìlú dìde. Ọ̀yà dìde. Ìyàwó Etu gan-an dìde. Etu jókòó.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ní, "Baálẹ̀, baba ńlá mi ya ìsun yìí, ó mu tirẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíràn lè mu. Omi yìí kì í ṣe ti Erin. Kì í ṣe tèmi náà."

*Erin lu etí, mo jókòó,*
*Inú tó yó ló jókòó.*

Erin kò bínú. Ó ní, "Ó dára, Etu. Má wá jẹun lọ́dọ̀ mi mọ́."

Ọ̀yà sún mọ́ Etu, ó sọ sí i létí pé, "Ọ̀rẹ́ mi, o ti di ẹran gbígbẹ."

Baálẹ̀ bi àwọn yòókù, wọ́n ní ti baba Erin ni. Ṣùgbọ́n wọn kò wo ojú Baálẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n padà wá bí oṣù bá lé.

Ìlú wá ń ṣọ́ Etu, wọ́n ń retí ìgbà tí yóò rù. Etu kò rù. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ iṣu etí ọ̀nà. Ní àárọ̀, nígbà tí àwọn yòókù bá wà lóko Erin, á kọ ebè tirẹ̀. Ní ọ̀sán, á lé adìyẹ kúrò nínú agbọ̀n, á máa hun ún lọ. Ó parí ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ọ̀yà yọ́ wá. "Etu, òògùn wo lo lò?"

"Iṣu ni."

"Iṣu ta ni?"

"Ti ẹni tí ebi bá ń pa."

"Èmi nìyẹn," ni Ọ̀yà wí, ó sì sáré lọ.

Ọ̀yà jẹ, ó sọ fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn jẹ, òun náà sọ. Ọ̀yà tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wa iṣu, ó gbé orí rẹ̀ pẹ̀lú, ó lọ sè é nílé. Nígbà tí Etu tún dé ibẹ̀, ihò ni ó kún etí ọ̀nà. Iṣu tí ó kù kò tó nǹkan.

Etu sáré lọ bá Ìyá Ẹnítàn. Ó ní, "Ìyá, wọ́n ti jẹ yín tán."

Ìyá Ẹnítàn ní, "Wọn kò jẹ mí tán. Ebi ìlú ni ó pọ̀ ju ebè arúgbó kan lọ."

Etu ronú sí i. Ó lọ sí oko tirẹ̀, ó kọ ebè sí etí ọ̀nà, ó gbin orí iṣu sí i. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá Ọ̀yà. "Ọ̀yà, orí iṣu tí o gbé dà?"

"Ó wà nínú mi."

"Wá òmíràn, kí o lọ gbìn ín sí etí oko rẹ, kí òun náà tó wọ inú rẹ."

Ọ̀yà kùn, ṣùgbọ́n ó gbìn ín.

Oṣù lé, ìlú tún pé. Lọ́jọ́ yìí Etu ní kí gbogbo oko ìlú ní ebè etí ọ̀nà, kí ìdáhùn ẹnikẹ́ni má baà ti inú àká Erin wá mọ́.

Erin dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ń fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní iṣu, ta ni yóò tún ṣiṣẹ́? Ẹ wo Ọ̀bọ."

Gbogbo wọn yíjú. Ọ̀bọ sùn sábẹ́ ìbòòji, èèpo iṣu wà ní àyà rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Ọ̀bọ wí, kò dìde.

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹnítàn dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. Ó ní, "Kí ọ̀dá tó dá, Ọ̀bọ ń sùn. Nígbà tí ó ń jẹ iṣu Erin, ẹ̀yìn àká ni ó ń sùn sí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀bọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu. Ẹ jẹ́ kí a wo Etu. Nígbà tí ó ń jẹ iṣu Erin, ta ni ó rí agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀?"

Kò sí ẹni tí ó rí i.

"Ẹni tí ebi ń pa, oúnjẹ ni ó ń wá. Ẹni tí ó bá jẹun ni ó ń wá iṣẹ́ tí ó wù ú."

Erin wo Ọ̀bọ, ó wo Etu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo gbà. Èmi náà yóò kọ ebè sí etí ọ̀nà. Ìkíni lásán ni mo fẹ́. Ẹni tí yóò bá wa iṣu, kí ó kọ́kọ́ wá kí mi."

Àwọn kan ní kò burú, àgbà ni, ó yẹ kí a kí àgbà. Ṣùgbọ́n Etu dọ̀bálẹ̀ níwájú Erin, ó ní, "Bàbá Erin, kí ọ̀dá tó dá, mo máa ń yà kí yín láràárọ̀. Ṣé ẹ rántí? Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Bí mo bá ń wá kí yín nítorí iṣu, ẹ ò ní í mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀yin ni mo kí tàbí iṣu."

Erin rántí. Ó tún rántí gbogbo àpárá tí ó ti dá láti ọdún yìí wá, kò sì mọ èyí tí ó dùn nínú wọn. Ó ká ọwọ́ọ̀jà imú rẹ̀, ó jókòó.

Baálẹ̀ ní omi jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ó ní kí oko gbogbo, títí kan ti Erin, ní ebè etí ọ̀nà. Kí ẹni tí ebi bá ń pa wa iṣu, kí ó jẹ ẹ́ níbẹ̀, kí ó dá orí rẹ̀ padà, kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè.

Láti ìgbà náà, bí Erin bá lu etí, àwọn kan á wá, àwọn kan kò ní í wá. Àwọn tí ó bá wá á ní, "Bàbá Erin, kí ni ẹ óò fún wa, ìgbà wo ni a óò sì lọ ilé?" Erin kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Bí ó bá dá àpárá, ẹlòmíràn á ní, "Bàbá Erin, èyí kò dùn." Nígbà tí ó yá, àpárá Erin bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

"Bàbá, Ọ̀bọ ńkọ́?" ni Ìgè bi í.

"Ó ń sùn."

"Títí di ìsinsìnyí?"

"Títí di ìsinsìnyí. Ìlú kò tìtorí rẹ̀ kú."

Ó ku díẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí Erin lọ kí àna rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Nígbà tí ó ń bọ̀, oòrùn mú un, ebi sì mú un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ mọ́. Etí oko Etu ni ó dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú ń ti ẹran ńlá náà. Ó fi eyín rẹ̀ wa iṣu kan, ó sun ún, ó jẹ ẹ́.

Nígbà tí ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé orí sókè, ó na etí rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

Etu jókòó lábẹ́ ahéré rẹ̀, ó ń hun agbọ̀n. Ó rí i. Ó mọ ohun tí Erin ń dúró láti gbọ́. Kò mira.

Ẹyẹ nìkan ni Erin gbọ́. Ó dúró títí, ẹyẹ nìkan ni. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dá orí iṣu padà sínú ebè, ó gbọn ilẹ̀ kúrò lára, ó lọ. Ẹlòmíràn ni ó máa ń kọ ebè fún un, kò mọ̀ pé òun ti dorí rẹ̀ kodò.

Etu jẹ́ kí ó lọ jìnnà. Ó wá dìde, ó tún un gbìn.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí kò lè sọ pé 'rárá', 'bẹ́ẹ̀ ni' tí ó ń sọ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ebi ń pa jẹun kí ẹ tó bi í ní ọ̀rọ̀, kí ẹnu tí yóò fi dáhùn lè jẹ́ ẹnu ara rẹ̀. Etí oko ni mo ti wa àlọ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo ti jẹ ẹ́, mo sì ti dá orí rẹ̀ padà sínú yín. Bí mo bá pa irọ́, kí ó má hù. Bí mi ò bá pa irọ́, kí ó ta ewé lẹ́nu yín lọ́jọ́ kan.

"Kí ó hù, Bàbá," ni àwọn ọmọ wí. Ìgè kò wí nǹkan kan, ó ti sùn.

Bàbá Òjélabí gbé e wọlé lọ fún ìyá rẹ̀. Ó jáde padà, ó mú orí iṣu tí ó wà lórí òkúta, ó mú ọkọ́ tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sí etí ọ̀nà.